Lẹ́tà Tí Kò Kúrò Nílé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí n tó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo jẹ yín ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Ní sáà tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ yín láìdáa lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí lẹ́tà kan tí mo rò pé ẹ kà tí ẹ kò sì dáhùn. Ẹ kò kà á. Kò dé ọ̀dọ̀ yín. Kò tilẹ̀ kúrò nílé. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ láti ọdún kìíní, ìdí òwò èlùbọ́ ló sì ti ń rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ara ìyá kò yá, owó tí wọ́n ti kó jọ sì bá ilé ìwòsàn lọ. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara pátákó pé pọ́tàlì owó ilé-ìwé máa tì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí kò bá tíì san kò ní lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Fún ẹni tó wà ní ọdún ìkẹ́yìn, ọdún kan gbáko nìyẹn yóò mú lọ. Owó tó kù lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ₦95,000.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa. A dáwó láàárín ara wa, a rí ₦31,000. Ó ku ₦64,000. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ wá pé ká má gbé ọ̀rọ̀ òun sórí WhatsApp, kí àwọn ọmọ ọdún kìíní má baà máa wo òun tìyanu-tìyanu. A gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Olórí ẹgbẹ́ wá ní kí n kọ ímeèlì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, nítorí a ní àdírẹ́sì àwọn 112 lọ́wọ́. Mo jókòó, mo kọ ọ́ dáadáa. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé, mo fi nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ sí i. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo fi í ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà sì sọ fún mi pé òun ti gbà á. Mo lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí èsì. Ọjọ́rú, kò sí èsì. Nínú èèyàn 112, ẹnìkan ṣoṣo kò kọ ọ́ pé “mo ti rí i.” Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́rú, inú mi ti ru. Mo bọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, mo kọ ọ́ pé àwọn tó ti jáde ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti jẹun yó, pé fọ́tò ayẹyẹ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n bá wa yà. Mo gbàgbé pé àwọn kan nínú wọn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Kí wákàtí kan tó pé, àǹtí kan tó ti jáde láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ti kúrò níbẹ̀. Kò bú mi, kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí àwọn náà kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka yìí. Orúkọ wọn wà nínú àwọn 112. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wá fi ọgbọ́n sọ ọ́ pé, “Ẹ kò dá wa lóhùn o, sà.”

Wọ́n ní, “Èwo ni n kò dáhùn?”

“Lẹ́tà ọjọ́ Ajé ni, sà.”

Wọ́n yọ fóònù wọn jáde, wọ́n wá a láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n tún wo ibi tí ìdọ̀tí ímeèlì máa ń wọ̀ sí. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n wò mí lójú. Ìgbà yẹn ni àyà mi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa sáfà wa, torí àwọn tó bá gba ipò akọ̀wé lẹ́yìn mi yóò bá a níbẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tí a háyà lórí ayélujára. Ẹ̀gbọ́n kan tó jáde ṣáájú wa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l’Ékòó báyìí, ló gbé e kalẹ̀. Debian ni irú Linux tó wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń bá wa fi ímeèlì ránṣẹ́ lórí rẹ̀ ń jẹ́ Postfix. Wietse Venema ló kọ ọ́, ó sì bọ́ síta ní 1998. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń lọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ojú kan ṣoṣo. Bí èmi tí mo mọ ohùn àti sílébù ṣe di olùtọ́jú sáfà nìyẹn.

Mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo wọ orí sáfà, mo tẹ àṣẹ tó wà nínú ìwé náà: mailq. Gbogbo lẹ́tà mi ló yọ síta. Àwọn 112 wà lórí ìlà bí èrò inú gáréèjì tí dẹ́rẹ́bà wọn kò tíì dé. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, mail.log. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kọ sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ń wá gmail.com, òun ń wá yahoo.com, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀ báyìí: “Host not found, try again.”

Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń sọ ọ́. Èmi ni n kò lọ wò ó. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ọjọ́ márùn-ún ni Postfix máa ń fi gbìyànjú kó tó dá lẹ́tà padà fún ẹni tó kọ ọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, kì í sọ fún olùkọ̀wé pé lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, àfi bí a bá ti ní kó máa sọ ọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ì bá tó wá sọ fún mi, nígbà tí pọ́tàlì ti tì láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Kí ló ń wá tí kò rí? Ẹ wò ó báyìí. Àwa èèyàn ni à ń lo orúkọ. Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń rí ara wọn. DNS ló wà láàárín àwa àti wọn: o fún un lórúkọ, ó júwe ibi tí olórúkọ wà. Ẹ̀yìn ló sì ti máa ń ka orúkọ náà. Bí o bá bi í ní gmail.com, “com” ni yóò kọ́kọ́ wá kó tó wá “gmail” lábẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kó ya àwa tí à ń kọ́ gírámà Yorùbá lẹ́nu. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń ṣáájú, ẹ̀yán rẹ̀ ń tẹ̀lé e. “Ilé bàbá Òjé Ìbàdàn”: ẹni tó fẹ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, kó béèrè Òjé, kó tó béèrè bàbá, kó tó wá rí ilé. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti lẹ́tà, ìbéèrè kan tún wà tó yàtọ̀. Postfix kì í kọ́kọ́ béèrè pé “níbo ni ilé yìí wà?” Ohun tó máa ń béèrè ni “ta ló ń bá ilé yìí gba lẹ́tà?” MX ni wọ́n ń pe irú ìbéèrè yẹn. Lábúlé ìyá ìyá mi, ẹnikẹ́ni kì í rí lẹ́tà gbà nílé ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, ibẹ̀ ni kálukú ti ń lọ gba tirẹ̀. MX ni orúkọ ọ̀gá ilé-ìwé náà. Bí ìbéèrè náà kò bá tíì rí ìdáhùn, bí ilé tó o ń wá tilẹ̀ wà níwájú rẹ, lẹ́tà kò lọ.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá sáfà wa ti ya aláìmọ̀kan lóòótọ́. Mo tẹ àṣẹ kan tó ń jẹ́ dig, mo fi bi í pé ta ló ń bá gmail.com gba lẹ́tà. Kó tó di pé mo mí, ó ti dáhùn, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Mo bi í ní yahoo.com, ó mọ̀ ọ́n. Mo padà sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́: “Host not found, try again.” Sáfà kan náà, orúkọ kan náà, ẹnu méjì. Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu mẹ́sàn-án alẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo pè yín lálẹ́.”

“Kò séwu, àbúrò. Kí ló ṣe sáfà?”

“Postfix ní òun kò mọ gmail.com. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá bi sáfà, ó mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ta lo bi?”

“Sáfà ni.”

“Ìwọ lo dúró ní pálọ̀ tí o ń béèrè. Ìránṣẹ́ tí ò ń rán kò sí ní pálọ̀. Inú yàrá ló wà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ṣé o ti wo ìwé tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀?”

N kò wò ó, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Wọ́n bá ṣàlàyé fún mi. Kọ̀ǹpútà kì í fúnra rẹ̀ rin ìrìn “com” dé “gmail” yẹn. Ó ní afinimọ̀nà kan tó ń bi, nọ́ńbà afinimọ̀nà náà ló sì wà nínú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ resolv.conf. Mo mọ ìyẹn dáadáa, nítorí ilé-iṣẹ́ tí a háyà sáfà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ ti afinimọ̀nà àtijọ́ pa lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo fi nọ́ńbà tuntun sínú fáìlì náà. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn sí ara mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lórí sáfà Debian wa, inú yàrá àtìpa ni wọ́n fi iṣẹ́ Postfix sí nítorí ààbò. Bí olè bá gba ibẹ̀ wọlé, kò ní lè rìn yí gbogbo ilé ká. Fódà tó ń jẹ́ /var/spool/postfix ni yàrá náà. Nítorí pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè rí ìta, wọ́n máa ń bá a da resolv.conf kọ sínú yàrá, ìgbà tí Postfix bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni wọ́n sì máa ń dà á kọ. Postfix tiwa ti dìde láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kò tíì sùn. Ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń bi afinimọ̀nà tí wọ́n ti ti ilé rẹ̀ pa. A máa ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó ń bi òkú ńkọ́?

Mo gbé fáìlì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, nọ́ńbà inú wọn kò bára mu.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà nípa bí DNS fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Kó tó dáyé, fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ HOSTS.TXT ni gbogbo orúkọ kọ̀ǹpútà ayélujára wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní California, SRI, ló ń tọ́jú rẹ̀, kálukú sì ń lọ da ẹ̀dà tirẹ̀ kọ. Bí orúkọ ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀dà ọwọ́ àwọn èèyàn ń di ògbólógbòó. Nítorí ìyẹn ni Paul Mockapetris fi ṣètò DNS ní 1983, pé kí ẹni tó ń wá orúkọ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó yéé gbọ́kàn lé ẹ̀dà. Àìsàn tí wọ́n fi DNS wò ní 1983 náà ló yọ́ wọlé padà sínú yàrá Postfix wa.

Ìwòsàn rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ní kí Postfix sinmi kó tún dìde. Mo wo fáìlì inú yàrá, nọ́ńbà tuntun ti wà níbẹ̀. Mo tẹ postqueue -f, pé kó tún gbé gbogbo lẹ́tà orí ìlà lọ lójú ẹsẹ̀. Mo wá jókòó ti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí mo ń wò ó bó ṣe ń sáré: “sent”, “sent”, “sent”. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, 111 ti lọ.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló padà sí mi, òun ló sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀ fún wa fo lẹ́tà kan nínú rẹ̀, orúkọ tí kò sí níbì kankan ló di. Ohun tí Postfix kọ nípa rẹ̀ ni “Host not found.” Ó parí síbẹ̀. Kò sí “try again” níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ọ̀kan ń sọ pé “mo béèrè, wọ́n ní kò sí.” Èkejì ń sọ pé “mo béèrè, n kò tíì gbọ́ ìdáhùn.” Nítorí ìyàtọ̀ yẹn ni Postfix fi dá ọ̀kan padà lójú ẹsẹ̀, tó sì fi ọjọ́ mẹ́ta di àwọn yòókù mú, tó ń gbìyànjú. Ẹ̀rọ lásán mọ̀ pé àìdáhùn kì í ṣe “rárá”. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi dúró de àwọn àgbà mi kí n tó dá wọn lẹ́bi lójú ayé. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkankan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n náà kò kúrò lọ́kàn mi: “Ta lo bi?” Ohun tí olùkọ́ wa máa ń sọ nípa iṣẹ́ pápá nìyẹn. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan ní ìlú kan, má jókòó sí yàrá rẹ kó o máa pè é fún ara rẹ. Lọ bá ẹni tó ń sọ ọ́. Mo gba máàkì tó dáa nínú ìdánwò yẹn o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí n tó fọ ẹnu, owó ti ń wọlé. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ₦70,500 ti wà nínú àkáǹtì. A san ₦64,000 tó kù, ọmọ kíláàsì wa tẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀ jáde ní káfẹ́ẹ̀ ẹnu géètì, ó sì fi ìyókù ra oògùn fún ìyá rẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹ̀yìn mi gan-an ló jókòó sí.

Láàárín àwọn tó fi owó ránṣẹ́, mo rí orúkọ àǹtí tó kúrò lórí WhatsApp. ₦10,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ímeèlì kékeré tẹ̀lé e: “Lẹ́tà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni o. Ṣé kò tíì pẹ́ jù?”

Mo pè wọ́n. Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n béèrè ohun tí mò ń kọ prójẹ́ẹ̀tì mi lé lórí. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì padà sórí WhatsApp ẹgbẹ́, n kò sì lẹ́nu láti ní kí wọ́n padà. Orí ìkànnì yẹn ni mo ti bú wọn. Ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ sì rí i. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni mo ń bẹ̀ níbí.

Fún ẹni tí yóò gba sáfà lọ́wọ́ mi, mo ti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ìwé ojú kan yẹn. Bí lẹ́tà kò bá ní èsì, kọ́kọ́ wo mailq kó o tó wo ìwà èèyàn. Ka ọ̀rọ̀ inú mail.log dé òpin rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn lè yí gbogbo ìtumọ̀ padà. Bí dig bá mọ orúkọ tí Postfix kò mọ̀, lọ wo resolv.conf inú yàrá. Bí o bá yí afinimọ̀nà padà, jẹ́ kí Postfix tún dìde lọ́jọ́ náà gan-an, kó o sì fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ara rẹ níta kó o tó lọ sùn. Mo sì ti ní kí Postfix máa ta wá lólobó bí lẹ́tà bá pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí ìlà.

Ẹ̀yin àgbà wa, bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gbúròó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè wa. Ó lè jẹ́ pé a ti kọ̀wé.